Ibi Tí Ìwé Ìjọ Èkó Ń Gbé

Ìwé ìsàmì àtijọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà máa ń gùn, ó máa ń wúwo, awọ ẹ̀yìn rẹ̀ á sì ti máa bó. Bí wọ́n bá ṣí i, ojú ewé rẹ̀ pín sí òpó-òpó: ọjọ́ ìsàmì, orúkọ ọmọ, orúkọ bàbá àti ìyá, àdúgbò tí wọ́n ń gbé, iṣẹ́ òbí, àti orúkọ àlùfáà tó ṣe é. Ìlà kan ni ti ọmọ kan. Ẹni tó bá ka ìlà kan ṣoṣo, ọmọ kan ló rí. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ka ogún ojú ewé tó tẹ̀ léra, àdúgbò ló rí: ibi tí káfíńtà pọ̀ sí, ìgbà tí orúkọ Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ti John àti Mary, ilé tí ọmọ mẹ́ta ti wá láàárín ọdún mẹ́rin. Orí èyí ni gbogbo iṣẹ́ àwọn olùtọ́jú ìwé àtijọ́ dúró lé. Ìwé ń jẹ́rìí nítorí ibi tó wà àti nítorí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní ti àwọn Àgùdà, òfin ìjọ wọn gan-an ló so ìwé mọ́ ìwé. Bí wọ́n bá sàmì fún ọmọ kan ní Holy Cross ní Erékùṣù Èkó, tó dàgbà, tó lọ gbéyàwó ní ìjọ Àgùdà kan ní Èbúté Mẹ́tà, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìwé ránṣẹ́ padà sí Holy Cross kí wọ́n lè kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìsàmì. Ọjọ́ tí bíṣọ́ọ̀bù gbọ́wọ́ lé e lórí á wọ ibẹ̀, bó bá sì di fadá, ìyẹn náà á wọ ibẹ̀. Èdè Látìn ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó pẹ́, nítorí náà ẹni tó ń wá John lè ka orúkọ rẹ̀ kọjá, torí Joannes ló wà níbẹ̀.

Yàtọ̀ sí ìwé ìsàmì, ìjọ Áńgílíkà á tún ní ìwé ìgbéyàwó, tí ọwọ́ ìjọba ti wà nínú rẹ̀ láti ìgbà òfin ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe l'Ékòó ní 1884. Á ní ìwé ìsìnkú. Á ní ìwé ìpàdé. Á sì ní ìwé owó kíláàsì, ìyẹn owó tí ọmọ ìjọ ń dá nínú kíláàsì rẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ìjọ kì í kà sí nǹkan kan, tó sì jẹ́ pé òun ló ń fi hàn ẹni tó ń wá déédéé, ẹni tó ṣíwọ́, àti oṣù tó ṣíwọ́. Bí ìjọ bá pín, ìwé pín. Lọ́dún 1901, ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ St. Paul's, Breadfruit, fi ìbínú jáde lórí bí wọ́n ṣe mú àlùfáà wọn, James Johnson, kúrò lórí ìjọ náà, wọ́n sì lọ dá African Church sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Johnson fúnra rẹ̀ kò bá wọn lọ. Láti ọjọ́ yẹn, ìdílé kan náà lè ní àkọ́bí nínú ìwé Breadfruit, kí àbúrò rẹ̀ wà nínú ìwé tuntun níbòmíràn. Ẹni tó bá wo ọ̀kan ṣoṣo á rò pé ìdílé náà kú tàbí pé wọ́n kó kúrò l'Ékòó.

Lẹ́tà ní òfin tirẹ̀: ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí ló ń gbé. CMS (Church Missionary Society), ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé Èkó ní 1852, wọ́n sì retí pé kí òṣìṣẹ́ wọn máa kọ lẹ́tà àti ìròyìn iṣẹ́ ránṣẹ́ sí London. Ìdí nìyí tí ohun tí wọ́n kọ l'Ékòó fi wà lónìí ní Birmingham, nínú Cadbury Research Library ti yunifásítì ìlú náà. Àmì C A2 ni wọ́n fi sí ti ilẹ̀ Yorùbá títí di 1880. A dúró fún Áfíríkà. 1 ni Sàró, 2 ni Yorùbá, 3 ni Odò Ọya. Lẹ́yìn ìyẹn, òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀: Àjàyí Crowther ni O31, James Johnson ni O56. Lẹ́yìn 1880, ètò yí padà sí G3 A2, ọdún ni wọ́n sì fi ń to ìwé, kì í ṣe ẹni tó kọ ọ́ mọ́. Ẹni tó bá mọ orúkọ láìmọ ọdún á jìyà díẹ̀ níbẹ̀. Ti àwọn Mẹ́tọ́díìsì wà ní SOAS, ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ní London; ti àwọn fadá SMA, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Àgùdà, wà ní Róòmù.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí pásítọ̀ kọ sí pásítọ̀, àti ẹjọ́ tí ìjọ gbé tọ akọ̀wé CMS lọ níhìn-ín, kì í ṣe gbogbo wọn ló wọ ọkọ̀ ojú omi. Púpọ̀ nínú wọn wà ní National Archives, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba tí onítàn Kenneth Dike bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, lábẹ́ àmì CMS (Y). Ẹni tó bá ka ti Birmingham nìkan ti di agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá.

Ìwé ara ẹni ló ṣòro jù, òun náà ló sì lọ́rọ̀ jù. Jacob Kehinde Coker, ọ̀kan nínú àwọn aṣíwájú African Church, jẹ́ oníṣòwò àti àgbẹ̀ kòkó ní Ifako lẹ́bàá Agége. Àwọn ìwé rẹ̀ wà ní National Archives n'Íbàdàn. Ọ̀rọ̀ ìjọ wà nínú wọn, ọ̀rọ̀ oko wà nínú wọn, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ àwọn olóko Agége náà wà níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn kí nǹkan tò lè sọ pé kí wọ́n ya ti Ọlọ́run sọ́tọ̀ kúrò lára ti kòkó. Bí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, àdánù ńlá ni ì bá jẹ́, torí bí wọ́n ṣe wà pa pọ̀ ló jẹ́ kí àwọn onítàn rí i pé àwọn tó wá láti ìgbèríko ṣiṣẹ́ ní oko Agége kọ́ kòkó níbẹ̀, wọ́n gba ìgbàgbọ́ níbẹ̀, wọ́n sì gbé méjèèjì lọ sílé. Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ kì í sí nínú ìwé ìsàmì. Ti Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Crowther, wà nítòsí ibẹ̀ ní ilé ìkàwé Kenneth Dike.

Nígbà tí àpótí ìwé bá dé ilé ìpamọ́, wọn kì í gbé e wọlé tààrà. Wọ́n á kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀, torí ikán tàbí kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ lè ran gbogbo pẹpẹ. Wọ́n á kọ orúkọ ẹni tó mú un wá àti àdéhùn tí wọ́n bá a ṣe: bóyá ẹ̀bùn ni, bóyá ìpamọ́ lásán ni, àti èyí tí ìdílé fẹ́ kó wà ní títì fún ọdún díẹ̀, bí ìwé ìbáwí tàbí lẹ́tà nípa ọmọ tí wọn ò sọ bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yọ píìnì tó ti dípẹtà lẹ́yọ-lẹ́yọ, nítorí ooru àti ọ̀rinrin Èkó ń jẹ́ kí ìpẹtà gba inú bébà jáde. Nígbà míràn, yíǹkì àtijọ́ tí irin wà nínú rẹ̀ á ti jẹ bébà náà, lẹ́tà “o” á sì ti di ihò róbótó. Bí lẹ́tà méjìlá bá wà nínú okùn kan, bí wọ́n ṣe tò wọ́n láti ilé ni wọ́n á fi wọ́n sílẹ̀, torí ẹni tó dì wọ́n ní ìdí tó fi dì wọ́n. Pẹ́ńsù ni wọ́n fi ń kọ nọ́ńbà sí i, kì í ṣe báírò. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á ṣe ìwé atọ́nà tí yóò sọ ohun tó wà nínú páálí kọ̀ọ̀kan.

Inú ìwé atọ́nà yìí ni orúkọ ti ń dààmú ènìyàn. David Vincent, tó wà lára àwọn tó dá Native Baptist Church sílẹ̀ l'Ékòó ní 1888, yí orúkọ padà sí Mojola Agbebi ní 1894. Ọkùnrin kan náà ni. Atọ́nà tí kò bá so orúkọ méjèèjì pọ̀ ti pa ìdajì ìtàn rẹ̀ mọ́. Olùwádìí náà gbọ́dọ̀ mú ọ̀nà ìkọ̀wé àtijọ́ lọ́wọ́, torí Ṣ lè jẹ́ S, Ọ lè jẹ́ O tàbí AW, tí akọ̀wé kan bá sì kọ orúkọ bí etí rẹ̀ ṣe gbọ́ ọ, èyí tó tẹ̀ lé e lè kọ ọ́ lọ́nà míràn.

Ohun tó pọ̀ jù kò tíì dé ilé ìpamọ́ kankan. Ó wà nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn ní Yaba, ní Lafiaji, ní Mushin: ìwé tí ìjọ Aládùúrà ń kọ ìran tí wọ́n rí sí, ìwàásù tí bàbá fọwọ́ kọ, fọ́tò ẹgbẹ́ akọrin. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń kó ẹrù olóògbé ni wọ́n máa ń sọnù. Kí ìdílé tó fọwọ́ kan ìwé kankan, kí wọ́n fi fóònù ya àpótí náà bó ṣe wà, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kí wọ́n má fi sẹ́lótéèpù lẹ èyí tó ya, torí á di pupa lára bébà. Kí wọ́n má sì dì í sínú ọ̀rá, torí á làágùn. Páálí gbígbẹ tó ga sókè kúrò nílẹ̀ tó. Kí ẹnì kan mú pẹ́ńsù àti bébà kan, kó kọ orúkọ ẹni tó ni ìwé, yàrá tí wọ́n ti rí i, àti ìjọ tó ń lọ, kó sì fi bébà náà sínú páálí lókè pátápátá.