Bí a ṣe ń tún ìwé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣe kó lè bá akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa mu

Pé a rí ìwé kà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò túmọ̀ sí pé a láṣẹ láti tún un ṣe. Láísẹ́ńsì rẹ̀, ìyẹn àṣẹ tó sọ ohun tí a lè fi ìwé náà ṣe, ni olùkọ́ yunifásítì yóò kọ́kọ́ wò. Nínú àwọn ti Creative Commons (àwọn láísẹ́ńsì tí a ti kọ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kí ayé lo iṣẹ́ rẹ̀) tó nílò orúkọ oníwèé, BY ló rọrùn jù: dárúkọ ẹni tó kọ ọ́, sọ ohun tí o yí padà, ó tán. NC kò gba òwò. SA ní kí iṣẹ́ tuntun wà lábẹ́ irú láísẹ́ńsì kan náà, ìdí nìyí tí a kò fi lè po ìwé BY-SA mọ́ ti BY-NC-SA láti fi ṣe ìwé kan. Èyí tó bá ní ND, ẹ fi sílẹ̀: a kò gbọ̀dọ̀ pín àtúnṣe rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ìwé Principles of Economics ti OpenStax, iléeṣẹ́ ìwé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Yunifásítì Rice ní Amẹ́ríkà, ṣeé mú: BY 4.0 ni àtẹ̀jáde rẹ̀ kejì. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ni àpẹẹrẹ inú rẹ̀ ti wá, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń kánjú. Wọ́n á fi náírà rọ́pò dọ́là, wọ́n á gbàgbé pé gíráàfù, ìbéèrè ìparí orí àti ìdáhùn rẹ̀ lẹ́yìn ìwé gbọ́dọ̀ yí pẹ̀lú.

Ní orí tó dá lórí ìfowópamọ́, alájọ ló yẹ kó wọlé. Ẹni tó ń dá ₦500 lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 30 yóò dá ₦15,000. Alájọ á mú owó ọjọ́ kan, ₦14,500 ni yóò kó lọ sílé. Èlé ti di òdì: ẹni tó fi owó pamọ́ ló ń sanwó. Ìbéèrè tó wá yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ dáhùn ni ìdí tí ìyá ọlọ́jà fi gbà bẹ́ẹ̀. Owó ọkọ̀ dé báǹkì ńkọ́? Wákàtí tí ìsọ̀ fi máa wà ní títì ńkọ́?

Àwòrán kọ̀ọ̀kan lè ní láísẹ́ńsì tirẹ̀, kódà nínú ìwé BY, nítorí náà ẹ ka ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀rọ̀ Yorùbá bá wà nínú ìwé, ẹ lo fọ́ǹtì bíi Charis SIL. Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, kò ní àmì kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ́; lẹ́tà àti àmì ohùn ni a ń tò pọ̀. Fọ́ǹtì tí kò mọ̀ bí a ṣe ń to àmì ohùn á gbé e sí ibòmíràn.

Ẹ gbé EPUB (irú ìwé tó ń bá ojú fóònù mu) jáde fún fóònù, PDF fún títẹ̀ sórí bébà, kí ẹ sì fi fáìlì tó ṣeé tún kọ sí i. PDF nìkan á mú kí olùkọ́ mìíràn tún bẹ̀rẹ̀ títẹ̀ láti ojú ìwé kìíní.