Físà oṣù 18 ní Ìlú Ọba: ta ló kàn?

Látìgbà tí ìjọba Ìlú Ọba ti kéde pé àwọn máa gé físà Graduate kúrú, ìyẹn èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń dúró ṣiṣẹ́ tó bá jáde yunifásítì, ìbéèrè ò dẹwọ́.

Kí ló yí padà?
Ọdún méjì di oṣù 18, fún ẹni tó ṣe dìgírì àkọ́kọ́ tàbí masters.

Àwọn tó ń ṣe PhD ńkọ́?
Ọdún mẹ́ta tiwọn ò yẹ̀.

Mo ti wọlé kí wọ́n tó kéde. Ṣé ó kàn mí?
Ibí gan-an lọ̀pọ̀ ti ń ṣì í gbọ́. Wọn ò wo ọjọ́ tí ẹ wọlé rárá. Ọjọ́ tí ẹ bá béèrè fún físà Graduate ni wọ́n ń wò. Ẹni tó bá béèrè kí ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2027 tó pé á rí ọdún méjì. Láti ọjọ́ náà lọ, oṣù 18 ni. Àbúrò kan jókòó tì mí, ó ń fìka tọ déètì inú létà ìgbaniwọlé rẹ̀: masters ọlọ́dún kan, oṣù kìíní ọdún 2026 ló bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ka oṣù méjìlá tán, ó dákẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wọlé lóṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ṣì lè rí ọdún méjì, àmọ́ ó dọwọ́ ìgbà tí èsì bá jáde, torí kò sẹ́ni tó lè béèrè kí yunifásítì tó sọ fún ìjọba pé ó ti yege. Kó yáa lọ bi ọ́fíìsì ilé-ìwé rẹ̀: ọjọ́ wo lẹ máa fi orúkọ wa ránṣẹ́?

Ṣé mo lè béèrè rẹ̀ láti ilé?
Rárá. Ìlú Ọba lẹ ti gbọ́dọ̀ béèrè, kí físà akẹ́kọ̀ọ́ yín tó parí. Tẹ́ ẹ bá rìnrìn àjò jáde kí èsì físà náà tó dé, wọ́n á kà á sí pé ẹ ti fà á padà.

Ìyàwó, ọkọ àti ọmọ ńkọ́?
Láti oṣù kìíní ọdún 2024, ẹni tó ń ṣe PhD tàbí masters oníwàádìí, àti ẹni tí ìjọba ń san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀, nìkan ló lè fi físà akẹ́kọ̀ọ́ mú wọn lọ.

Kí ló yẹ kó bà wá lẹ́rù jù?
Owó. Owó ìgbọ́bùkátà tí ẹ máa fi hàn nígbà tí ẹ bá ń béèrè fún físà akẹ́kọ̀ọ́ ti di pọ́n-ùn 1,171 lóṣù, 1,529 ní Lọ́ńdọ̀n, fún oṣù mẹ́sàn-án, ó sì gbọ́dọ̀ wà nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28 gbáko. Àwọn kan ń ta ilẹ̀ bàbá wọn, wọ́n gbọ́kàn lé e pé iṣẹ́ ọdún méjì á rà á padà. Mo bẹ yín, oṣù 18 ni kí ẹ fi ṣírò, kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé ilẹ̀.