Báálì Tí Kò Hù: Bí Owó-Orí Ṣe Bí Wísíkì Írẹ́láǹdì

Ẹ gbé ìgò wísíkì Redbreast tàbí Green Spot sọ́wọ́, kí ẹ wo bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ ó rí ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan níbẹ̀ tí ó jẹ́ ti àwọn ará Írẹ́láǹdì: "single pot still". Àwọn tó ń ta ọtí máa ń pe ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni ń kì oríkì, wọ́n á ní àṣírí àwọn baba ńlá ni. Kò sí àṣírí kankan níbẹ̀. Owó-orí ni àwọn baba ńlá náà ń sá fún, ọ̀nà tí wọ́n gbà sá ló fún ọtí wọn ládùn tó ní.

Ọtí náà ti wà kí owó-orí tó dé. Uisce beatha ni wọ́n ń pè é lédè wọn, ìyẹn "omi ìyè". Orúkọ Látìn tí àwọn oníṣègùn àtijọ́ fún ọtí líle tí wọ́n ń lò bí oògùn ni wọ́n tú bẹ́ẹ̀. Ẹnu àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni kò gbà á tán tó fi di wísíkì. Nínú ìwé ìtàn ọdọọdún ti Clonmacnoise, lábẹ́ ọdún 1405, wọ́n kọ ọ́ pé Richard Magranell, ìjòyè kan ní Muintir Eolais, mu omi ìyè ní àmujù nígbà Kérésìmesì, ó sì kú. Ẹni tó kọ ọ́ kò lè ṣe kó má fi ṣẹ̀fẹ̀: ó ní ti ọkùnrin yìí kì í ṣe omi ìyè, omi ikú ni. Ní Skọ́tláǹdì, ọdún 1494 ni irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fara hàn. Àwọn ará Írẹ́láǹdì kì í sì í jẹ́ kí aládùúgbò wọn gbàgbé ọdún 89 tó wà láàárín.

Ibi tí owó bá ti ń rúwé ni ìjọba máa ń gbé àpò rẹ̀ lọ. Ní 1556, ilé aṣòfin tó jókòó ní Drogheda pàṣẹ pé ẹni tí kò bá gba ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ sè é mọ́, àfi àwọn ọlọ́lá àti àwọn èèyàn pàtàkì ìlú. Ní 1608, Ọba James Kìn-ín-ní fún Sir Thomas Phillips níwèé àṣẹ ní apá Antrim. Ọdún yẹn ni Bushmills ń kọ sára ìgò rẹ̀ títí dòní, bẹ́ẹ̀ 1784 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Èmi ò bá wọn jà. Ta ni kò fẹ́ kí ilé baba òun pẹ́ ju ti aládùúgbò lọ? Ọjọ́ Kérésìmesì 1661 ni owó-orí gan-an bẹ̀rẹ̀: pẹ́ńsì 4 lórí gálọ́ọ̀nù kan. Láti ìgbà náà ni ọtí ti pín sí méjì. Èyí tó san owó ni wọ́n ń pè ní wísíkì Pálíámẹ́ǹtì. Èyí tí wọ́n ń sè nínú ihò òkè lóru ni poitín, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ "ìkòkò kékeré". Àwa tí a mọ bí ìjọba amúnisìn ṣe ń lé àwọn aṣògógóró kiri inú igbó, nígbà tí jíǹì òyìnbó ń gba Èkó wọlé tí wọ́n sì ń gba owó ibodè rẹ̀, kò ní í ṣòro fún wa láti mọ ẹni tí àwọn ará abúlé ń gbè lẹ́yìn.

Òfin 1779 ló wá le jù. Àwọn agbowó-òde kò ka ọtí tó jáde mọ́. Wọ́n á wọn ìkòkò rẹ wò, wọ́n á ṣírò iye ọtí tó yẹ kí ìkòkò tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ mú jáde, o ó sì sanwó rẹ̀, yálà ó jáde o, tàbí kò jáde. Àwọn tí ìkòkò wọn kéré kò lè forí tì í. Ilé ìpọntí 1,228 ló níwèé àṣẹ ní 1779. Nígbà tó máa fi di 1790, ó ku 246. Àwọn tó kù ń fi iná ṣe é ní kánmọ́kánmọ́ kí wọ́n lè sè ju iye tí ìjọba ṣírò lọ, ọtí náà sì ń korò. Poitín olóru wá dùn ju ti olówó-orí lọ.

Ní 1785 ni ìjọba bu owó lé mọ́ọ̀tì. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ mọ mọ́ọ̀tì: a ó rẹ àgbàdo sómi, a ó jẹ́ kó hù, a ó sá a, a ó lọ̀ ọ́, kí a tó sè é. Híhù yẹn ló ń sọ ìyẹ̀fun inú ọkà di ṣúgà, ṣúgà ló sì ń di ọtí. Ọkà báálì ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ní Írẹ́láǹdì. Báálì tó ti hù ni ìjọba ń gbowó lé. Èyí tí kò hù, oúnjẹ lásán ni. Àwọn apọntí rò ó, wọ́n rí i pé bí wọ́n bá fi èyí tó hù díẹ̀ sí i, agbára rẹ̀ á tó láti sọ ìyẹ̀fun èyí tí kò hù náà di ṣúgà. Àwọn kan ti ń dà wọ́n pọ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ owó-orí yìí ló sọ ọ́ di àṣà gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n wá sè é nínú ìkòkò bàbà, ọ̀pọ̀ ìgbà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ohun tó jáde, tí à ń pè ní "pot still" lónìí, yàtọ̀: ó ń ta lẹ́nu bí ẹni jẹ ata díẹ̀, ó sì ń yọ̀ lórí ahọ́n bíi pé epo wà nínú rẹ̀. Wọ́n sá fún owó, wọ́n bá adùn pàdé lọ́nà.

Ọtí yìí ló sọ Dublin di olú-ìlú wísíkì ayé ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn. John Jameson, tó jẹ́ ọmọ Skọ́tláǹdì fúnra rẹ̀, wà ní Bow Street; John Power wà ní John's Lane; George Roe wà ní Thomas Street. Àgbá ọtí kún ìlú. Èyí tí wọn kò tíì san owó-orí rẹ̀ ń bẹ nínú ilé ìtọ́jú tí ìjọba ń ṣọ́. Ọ̀kan nínú ilé bẹ́ẹ̀ ló gbiná ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà, 1875. Wísíkì tú jáde sójú títì bí àgbàrá, ó ń jó geere, àwọn èèyàn sì ń fi fìlà àti bàtà bù ú mu. Èèyàn 13 ló kú. Iná kò pa ẹnì kankan nínú wọn. Ọtí ló pa gbogbo wọn.

Ibi tí ìtàn yìí ti dùn mí jù ni ti Aeneas Coffey. Agbowó-òde ni òun náà. Ní 1810, nígbà tó ń lé poitín kiri ní Donegal, àwọn ará abúlé dá a dùbúlẹ̀, wọ́n fọ́ agbárí rẹ̀, wọ́n fi ọ̀bẹ ẹnu ìbọn gún un. Kò kú. Ó di ọ̀gá àgbà àwọn agbowó-òde ọtí ní gbogbo Írẹ́láǹdì. Ní 1824 ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó di apọntí. Ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún yẹ ìkòkò àwọn ẹlòmíràn wò mọ ibi tó kù sí. Ní 1830 ó gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ òpó gíga méjì kan. Ìkòkò bàbà, a gbọ́dọ̀ dà á, kí a fọ̀ ọ́, kí a tún un rọ. Ẹ̀rọ Coffey kò mọ ìsinmi, ọkà èyíkéyìí ló ń gbà, ọtí rẹ̀ le, ó mọ́, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Àléébù rẹ̀ ni pé adùn rẹ̀ kò tó nǹkan. Àwọn ọ̀gá Dublin yínmú sí i, wọ́n ní ọtí tí kì í sọ̀rọ̀ ni. Àwọn ará Skọ́tláǹdì gbà á, wọ́n pò ó mọ́ mọ́ọ̀tì wọn, wọ́n sì fi gba ọjà ayé. Dublin pariwo pé irú ọtí bẹ́ẹ̀ kò yẹ lẹ́ni tí à ń pè ní wísíkì. Ní 1909, ìgbìmọ̀ tí ọba gbé kalẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní wísíkì ni.

Ohun tó tẹ̀lé e, gìrìgìrì ni. Amẹ́ríkà fi òfin de ọtí láti 1920 sí 1933. Írẹ́láǹdì gba òmìnira, ó sì bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ja ìjà ọjà láti 1932 sí 1938. Ilé kan tẹ̀lé òmíràn wọ gbèsè. Ní 1966, Jameson, Power àti àwọn ará Cork gba pé kí àwọn di ọ̀kan. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1980, ibi méjì péré ni wísíkì ti ń jáde ní gbogbo erékùṣù náà: Midleton ní Cork, àti Bushmills ní àríwá. Ní 1987, John Teeling ra ilé-iṣẹ́ tí ìjọba fi ń pọn ọtí láti ara ànàmọ́ òyìnbó ní Cooley, ó sọ ọ́ di ti wísíkì. Ibẹ̀ ni ẹ̀mí ti padà. Lónìí, ilé ìpọntí wísíkì ibẹ̀ ti ju 40 lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á nísinsìnyí, ẹ má tẹjú mọ́ ọdún ara ìgò kí ẹ tó ka irú ọtí tó jẹ́. "Blended" ni Jameson tí gbogbo ayé mọ̀: ọtí ìkòkò bàbà tí wọ́n fi ti ẹ̀rọ òpó là. Ó rọrùn mu, ó dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tí Jameson ìgbà náà yínmú sí ló wà nínú rẹ̀ báyìí. "Grain", ti ẹ̀rọ òpó nìkan ni, ó fẹ́lẹ́, ó sì ń dùn lẹ́nu. "Malt", bíi ti Bushmills, báálì tó hù nìkan. Ẹni tó bá ní wísíkì Írẹ́láǹdì kì í ní èéfín, kí ó tọ́ Connemara wò kó tó tún sọ ọ́. Èyí yòówù kó jẹ́, ó gbọ́dọ̀ ti lo ọdún 3 ó kéré tán nínú àgbá igi lórí erékùṣù náà. Èmi, "pot still" ni mo máa ń yàn, Powers John's Lane tàbí Redbreast ọlọ́dún 12, pẹ̀lú omi ìwọ̀nba bíi ṣíbí kan, kí ata inú rẹ̀ lè yọjú.

Owó-orí mọ́ọ̀tì ti kógbá wọlé láti 1880. Báálì tí kò hù kò bá a lọ. Nínú ìlànà tí ìjọba Írẹ́láǹdì tẹ̀ jáde ní 2014, ọtí tí ìdá 30 nínú 100 ọkà rẹ̀ kò bá jẹ́ báálì tí kò hù, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni kọ "pot still" sára ìgò rẹ̀.