Bí láíbìrì ṣe ń ṣírò ìwọ̀n fáìlì

Hard disk tí wọ́n kọ 1 TB sí lára máa ń hàn bíi 931 GB tí a bá so ó mọ́ kọ̀ǹpútà Windows. Kò sí ohun tó sọnù nínú rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún bílíọ̀nù báìtì, ìyẹn ẹyọ tí a fi ń ka ìwọ̀n fáìlì, ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Bí wọ́n ṣe ń kà á ló yàtọ̀. Ní ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, báìtì 1,000 ló wà nínú kìlóbáìtì (kB) kan. Ní ti Windows, 1,024 ni, torí pé ìlọ́po méjì-méjì ni mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà fi ń lọ. Lọ́dún 1998, àjọ IEC, tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ lágbàáyé fún ohun èlò oníná, fún ti 1,024 ní orúkọ tirẹ̀: KiB, MiB, GiB. Síbẹ̀, GB ni Windows ṣì ń kọ, ìdàrúdàpọ̀ ò sì tíì tán nílẹ̀.

Láíbìrì, ìyẹn àkójọ kóòdù tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ kí ètò kọ̀ǹpútà mìíràn lè lò ó, tó ń bójú tó ìwọ̀n fáìlì wà láti gba àwọn tó ń kọ kóòdù lọ́wọ́ irú wàhálà yìí. Ohun tó wà níkùn rẹ̀ kò ju nọ́ńbà odidi kan ṣoṣo lọ: iye báìtì. MB tàbí GB, aṣọ ni; ìgbà tí nọ́ńbà náà bá fẹ́ yọjú síta ni láíbìrì ń wọ̀ ọ́ fún un. Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé nìyẹn. Jẹ́ ká mú fáìlì mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ báìtì 1,440,000. Ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò hàn bíi 1.4 MB. Ẹni tó bá ro ohun tó fojú rí pọ̀ yóò ní 4.2 MB ni. Láíbìrì tó ro báìtì pọ̀ yóò ní 4.3 MB ni, òun ló sì tọ̀nà.

Aṣọ wíwọ̀ náà gba sùúrù. Láíbìrì á máa fi 1,000 pín iye báìtì títí èsì yóò fi kéré sí 1,000. Mú 999,960. Pín in lẹ́ẹ̀kan, ó di 999.96, ó ti kéré sí 1,000, nítorí náà kB ni. Àmọ́ tí a bá ní kó ku nọ́ńbà kan péré lẹ́yìn pọ́ìntì, ó di 1000.0 kB, ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rí lójú ẹ̀rọ. Láíbìrì tí wọ́n fara balẹ̀ kọ máa ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, á sì sọ ọ́ di 1.0 MB.

Ó tún gbọ́dọ̀ lè ka ohun tí èèyàn tẹ̀, bíi "1.5 GiB", kó sì sọ ọ́ padà di báìtì 1,610,612,736. Lẹ́tà kékeré àti lẹ́tà ńlá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́ níbí: b ni bit (òdo tàbí ení kan ṣoṣo), B ni báìtì, bit mẹ́jọ ló sì wà nínú báìtì kan. Ìdí nìyẹn tí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pè ní 100 Mb fún ìṣẹ́jú àáyá kan fi ń gbé 12.5 MB péré wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí àmì tí wọ́n tẹ̀ bá ṣàjèjì sí i, kó kọ̀ ọ́, kó má ṣe méfò.

Ó ku àpò tí nọ́ńbà náà ń gbé. Àpò bit 32 tó ń gba nọ́ńbà òdì mọ́ra kò lè gbà ju 2,147,483,647 lọ. Tí fáìlì bá fi báìtì kan péré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn 2 GiB gééré, nọ́ńbà náà sábà máa ń bọ́ sí òdì, fídíò gígùn á wá hàn bí ohun tí ìwọ̀n rẹ̀ kéré sí òdo. Àpò bit 64 ni kí a fún un.