Wọ́n ń fi túùbù bọ́ màmá: ìgbà wo ni Medicare ń sanwó ilé ìtọ́jú, ìgbà wo ni kì í san?

Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu ìyá tàbí bàbá ní Amẹ́ríkà, kò lè gbé oúnjẹ mì mọ́. Wọ́n ki túùbù bọ ikùn rẹ̀, wọ́n sì gbé e láti ọsibítù lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà. Ibẹ̀ ni ìbéèrè owó ti ń bẹ̀rẹ̀, pàápàá lórí Medicare, ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ tó wà ní pàtàkì fún àwọn àgbà.

Ìbéèrè: Ṣé túùbù nìkan ti tó kí Medicare sanwó?

Kò tó. Ẹni náà gbọ́dọ̀ ní Part A, ìyẹn apá Medicare tó ń sanwó ọsibítù àti ilé ìtọ́jú, kí ọsibítù sì ti gbà á wọlé fún ọjọ́ 3 tẹ̀lératẹ̀léra, ó kéré tán. Wọn kì í ka ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ mọ́ ọn. Láàárín ọjọ́ 30 tó kúrò níbẹ̀ ló yẹ kó wọ ilé ìtọ́jú, nítorí àìsàn tó gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ ṣọ́ra o: èèyàn lè sùn ní ọsibítù fún òru mẹ́ta, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti omi lára, kó jẹ́ pé "observation" ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un, ìyẹn ni pé wọ́n kàn ń ṣọ́ ọ, wọn ò tíì gbà á wọlé. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò wọ ìṣirò. Lọ́jọ́ kìíní gan-an ni kí ẹ ti bèèrè bóyá "inpatient", ẹni tí wọ́n gbà wọlé, ni màmá. Àwọn tó wà lórí Medicare Advantage, ìyẹn Medicare tó gba ọwọ́ ilé iṣẹ́ adójútòfò aládàáni, lè má nílò ọjọ́ 3 yìí, àmọ́ ilé iṣẹ́ adójútòfò wọn lè ní àfi kí òun kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.

Ìbéèrè: Wọ́n ní màmá kò sàn sí i, nítorí náà Medicare máa dáwọ́ dúró. Ṣé òótọ́ ni?

Irọ́ ni. Òfin ìjọba àpapọ̀ ka fífi túùbù bọ́ èèyàn mọ́ iṣẹ́ tó gba ọwọ́ nọ́ọ̀sì, bí ohun tó ń gba túùbù wọlé bá tó ìdá 26 nínú 100 kálórì tí ara rẹ̀ nílò lójúmọ́, tí omi ibẹ̀ sì tó mìlílítà 501. Ẹni tí kò lè fẹnu jẹ nǹkan kan ti kọjá ìwọ̀n yìí. Ẹjọ́ Jimmo, tí wọ́n pe ìjọba lórí Medicare, tí wọ́n sì fi àdéhùn parí ní 2013, sì là á mọ́lẹ̀ pé ohun tí wọn yóò wò ni bóyá aláìsàn nílò ọwọ́ nọ́ọ̀sì, kì í ṣe bóyá ara rẹ̀ máa yá. Tí wọ́n bá fún yín ní ìwé pé owó máa dúró, ẹ pe nọ́ńbà orí ìwé náà láti tako ìpinnu yẹn, kó tó di ọ̀sán gangan lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí owó máa dúró. Bí ẹ bá tiẹ̀ ti fọwọ́ sí i, ẹ ṣì lè pè.

Ìbéèrè: Ọjọ́ mélòó ni wọ́n ń san?

Ọjọ́ 100 ni òpin nínú sáà kan, ìyẹn àkókò tí Medicare fi ń ka ọjọ́ ("benefit period"), láti ìgbà tó wọ ọsibítù. Ogún àkọ́kọ́, ẹ kò ní san nǹkan kan. Láti ọjọ́ 21, dọ́là 209.50 lójúmọ́ ni ti yín ní 2025. Bó bá fi lo gbogbo ọjọ́ 80 tó kù, dọ́là 16,760 nìyẹn, àfi bí Medicaid (ètò ìjọba fún àwọn tí owó wọn kò pọ̀) tàbí Medigap (ìdójútòfò àfikún tí èèyàn ń rà) bá gbé e.

Ìbéèrè: Ọjọ́ 100 màmá tán lọ́dún tó kọjá. Ó tún lo ọjọ́ 5 ní ọsibítù, wọ́n ní kò sí ọjọ́ kankan fún un mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní lẹ́yìn ọjọ́ 60, ọjọ́ 100 tuntun máa ń wọlé. Ta ló tọ̀nà?

Òfin ọjọ́ 60 tí ẹ̀gbọ́n yín sọ wà lóòótọ́. Àmọ́ ọjọ́ 60 yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ àtẹ̀léra, kí aláìsàn má sí ní ọsibítù, kó má sì máa gba ìtọ́jú tó nílò nọ́ọ̀sì ní ilé ìtọ́jú. Irú ìtọ́jú yẹn gan-an ni túùbù, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń ṣe é. Kò kan ẹni tó ń sanwó: ìbáà jẹ́ Medicaid, ìbáà jẹ́ àpò yín, sáà náà kò ní parí. Ó lè tó ọdún mẹ́ta, kó ṣì máa jẹ́ sáà kan náà. Ohun tó jẹ́ kó lẹ́tọ̀ọ́ sí ọjọ́ 100 àkọ́kọ́ ló ń dínà ọjọ́ 100 kejì.

Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, tó ń fẹnu jẹun, tó kàn nílò ẹni tí yóò wẹ̀ ẹ́, sáà tirẹ̀ máa ń parí. Bó bá ṣubú lọ́la tí egungun ìbàdí rẹ̀ dá, tó sì lo ọjọ́ 3 ní ọsibítù, ọjọ́ 100 tuntun wà nílẹ̀ fún un. Ó dùn mí pé ẹni tí àìsàn rẹ̀ wúwo jù ni òfin yìí ń tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Sáà màmá lè parí bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹnu jẹun débi pé ti túùbù kò tó ìwọ̀n tí mo sọ lókè mọ́, tàbí bó bá wà nílé tiyín fún ọjọ́ 60, kódà pẹ̀lú túùbù. Ẹ má torí èyí sáré gbé e wálé. Oúnjẹ túùbù lè ṣì gba ẹ̀dọ̀fóró lọ, ẹni tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ náà ló yẹ kó máa ṣe é.

Ìbéèrè: Ta ló wá ń sanwó lẹ́yìn ọjọ́ 100?

Ti yàrá àti ìtọ́jú, Medicaid ni fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, bí òfin ìpínlẹ̀ yín bá ṣe là á sílẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹbí ni. Ṣùgbọ́n Part B, apá Medicare tó ń san ti dókítà àti ohun èlò ìtọ́jú, lè san ìdá 80 nínú 100 iye tí Medicare fọwọ́ sí fún oúnjẹ olómi, ẹ̀rọ tó ń fà á àti àwọn ohun èlò rẹ̀, lẹ́yìn dọ́là 257 àkọ́kọ́ ti ọdún 2025. Dókítà ní láti kọ ọ́ pé àìlègbé-nǹkan-mì yẹn máa pẹ́, ó kéré tán oṣù mẹ́ta. Wíwà ní ilé ìtọ́jú kò dí i lọ́wọ́, bí Part A bá ti dáwọ́ dúró. Ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ san yàrá ló yẹ kó kọ́kọ́ bèèrè èyí ní ọ́fíìsì wọn, kó sì wo bíìlì oṣooṣù bóyá wọ́n ti ka oúnjẹ túùbù mọ́ ọn.