IP kì í ṣe nọ́ńbà ojúlé

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Bí ìjà orí Facebook bá ti le díẹ̀, ẹnì kan á pariwo pé, "Mo ti rí IP rẹ, mo ti mọ ilé yín!" IP ni nọ́ńbà tí àwọn ẹ̀rọ fi ń dá ara wọn mọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ kan, ní ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe nítòsí oríta Ọláìyá l'Óṣogbo níbí, bọ̀dá kan ń fi ọ̀rọ̀ yìí kan náà tu màmá kan nínú: wọ́n ti jí fóònù wọn, òun á sì fi IP mú olè.

Ẹni tó bá ní dátà lè dán an wò fúnra rẹ̀. Ẹ jókòó sí Òkè-Fìà, kí ẹ wo ibi tí IP fóònù yín sọ pé ẹ wà. Bó bá pe Èkó, ẹ má bá a jà.

Ohun tí kì í wọ àwọn èèyàn wa létí ni pé nọ́ńbà yẹn ò kárí. IPv4, irú IP tó ti wà láti 1981, kò ju 4,294,967,296 lọ fún gbogbo ayé. Oṣù Kejì 2011 ni wọ́n pín ìpín ńlá tó kẹ́yìn fún ẹkùn márààrún tí wọ́n pín ayé sí. AFRINIC, àjọ tó ń pín nọ́ńbà IP ní Áfíríkà, tó wà ní Mauritius, ló gba ti Áfíríkà. Ẹ̀rọ wá pọ̀ ju nọ́ńbà lọ. Iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe bí agboolé ńlá: ogún ojúlé, ẹnu ọ̀nà kan. Nọ́ńbà abẹ́lé ni wọ́n fún fóònù yín. Bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ jáde, wọ́n á yọ ìyẹn kúrò, wọ́n á fi ti ẹnu ọ̀nà rọ́pò rẹ̀. Ará ìta ò rí ju ẹnu ọ̀nà lọ, àìmọye fóònù ló sì ń gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnu ọ̀nà ọ̀hún lè má sí l'Óṣogbo rárá.

Mo ti rí ẹni tó gbé 192.168.1.5 síta bí ẹni tó mú ọ̀daràn. Nọ́ńbà abẹ́lé nìyẹn náà. Irú rẹ̀ wà nílé tiwa, lára pírínta wa. Àfi bó bá jẹ́ pé pírínta wa ló jalè.

Àwọn tó ń so IP mọ́ àwòrán ilẹ̀ pàápàá, àfojúbù ló pọ̀ níbẹ̀. Ní 2016 ló hàn síta pé wọ́n ti so IP tó lé ní 600 mílíọ̀nù mọ́ ilé oko kan ní Kansas, l'Amẹ́ríkà, torí pé ó súnmọ́ àárín orílẹ̀-èdè náà. Ọlọ́pàá ò yé kanlẹ̀kùn fún àwọn tó ń gbé ibẹ̀.

N ò ní IP ò wúlò o. Iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè mọ ẹni tó lò ó, bí wọ́n bá ní àkọsílẹ̀ àkókò gan-an, agbófinró sì lè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ti IPv6, irú IP tuntun, tún yàtọ̀ díẹ̀, nọ́ńbà pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bọ̀dá tó wà ní ìsọ̀, tó ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó, ta ló fún un ní àkọsílẹ̀ yẹn? Ẹ rọra o.

Màmá ọjọ́ yẹn ti san ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà. Nígbà tí mo tún gba ibẹ̀ kọjá, bọ̀dá ní òun ṣì ń wá a, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ò dáa.