Fásísíìmù: Òṣùṣù Tó Ní Àáké Nínú

Ẹnikẹ́ni tó bá ti le mọ́ ará ìlú báyìí, "fásísìtì" la ó máa pè é. Kì í ṣe gbogbo apàṣẹwàá ni fásísìtì o.

Ọ̀rọ̀ Ítálì ni "fascio". Òṣùṣù ló túmọ̀ sí, bíi òṣùṣù ọwọ̀ tiwa. Ní Róòmù àtijọ́, ẹmẹ̀wà tó bá ń ṣíwájú àwọn olóyè ìlú a máa gbé òṣùṣù ọ̀pá lé èjìká. Ọ̀pá yẹn wà fún nína arúfin. Wọ́n tún máa ń di àáké mọ́ ọn, ìyẹn wà fún orí bíbẹ́. Benito Mussolini, tó padà di olórí Ítálì, ló sọ ọ́ di orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú ní Milan lọ́dún 1919: aṣáájú kan ṣoṣo, kò sí alátakò, ẹni tó bá sì ta ko ẹgbẹ́ ti di ọ̀tá orílẹ̀-èdè nìyẹn. Ìjọba ológun fẹ́ kí o panu mọ́. Ti fásísìtì ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó fẹ́ kí o wọ ẹgbẹ́jọdá, kí o tò sórí ìlà, kí o máa pariwo orúkọ aṣáájú.

Ẹni tó lókìkí jù nínú àwọn fásísìtì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Oswald Mosley. Ọmọ olówó ni, ó sì lẹ́nu. Ó wọ ilé aṣòfin lọ́dún 1918 lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú Konsafétífù, ó fò lọ sí ẹgbẹ́ Lébọ̀, wọ́n fi í ṣe mínísítà ní 1929. Nígbà tí ìjọba kọ ètò tó là kalẹ̀ fún àwọn tí kò ríṣẹ́, ó kọ̀wé fipò sílẹ̀. (Ètò náà kò burú, kí a má parọ́ mọ́ ọn.) Ó dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀ ní 1931, wọn ò mú ìjókòó kan ṣoṣo nínú ìbò. Ló bá lọ wo Mussolini ní Ítálì, ó sì dá British Union of Fascists (Ẹgbẹ́ Àwọn Fásísìtì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì) sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá 1932. Ṣẹ́ẹ̀tì dúdú ni wọ́n ń wọ̀.

Àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà náà ń lọ sí mílíọ̀nù mẹ́ta, etí wọn sì ṣí sílẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní 1934, ìwé ìròyìn Daily Mail kí àwọn aláṣọ dúdú káàbọ̀ gbàgàdà. Àwọn òpìtàn fojú bù ú pé ọmọ ẹgbẹ́ tó nǹkan bí 50,000.

Gbọ̀ngàn Olympia ní Lọ́ńdọ̀nù ni àáké ti yọ. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹfà 1934, èrò tó ju 10,000 lọ wá gbọ́ Mosley. Bí ẹnì kan bá ti pariwo láti ta kò ó, Mosley á dánu dúró, wọn á tan iná sí onítọ̀hún lójú, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á sì lù ú ní àlùbami níwájú gbogbo èèyàn. Àwọn èèyàn ńlá tí wọ́n jókòó síbẹ̀ rí i. Kí oṣù tó tẹ̀ lé e tó parí, ẹni tó ni Daily Mail ti yọwọ́. Ọmọ ẹgbẹ́ ń já bọ́ bí ewé.

Mosley wá kọjú sí àwọn Júù ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá 1936, ó fẹ́ kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ gba àdúgbò àwọn Júù kọjá. Júù, òṣìṣẹ́ èbúté ọmọ Irish àti Kọ́múníìsì tú jáde sí òpópónà Cable Street, wọ́n fi ọkọ̀ ẹrù dí títì. Ọlọ́pàá gbìyànjú, apá wọn ò ká a, ni ọ̀gá wọn bá ní kí Mosley padà. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù náà, ilé Goebbels, mínísítà Hitler, ní Berlin ni Mosley ti gbéyàwó, Hitler fúnra rẹ̀ sì wà níbẹ̀!

Láti ìbẹ̀rẹ̀ 1937, òfin ka wíwọ yunifọ́ọ̀mù òṣèlú léèwọ̀. Ẹgbẹ́ Mosley ò rí ìjókòó kankan mú nínú ìbò ìgbìmọ̀ Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún yẹn. Ní oṣù karùn-ún 1940, ogun ti le, ìjọba ti Mosley mọ́lé, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀.

Mosley tún padà wá díje fún ilé aṣòfin ní North Kensington, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1959. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó wá láti West Indies (àwọn erékùṣù Caribbean) ló ń bú lọ́tẹ̀ yìí. Ìbò tó rí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá.